Ohùn Kọ́kọ́rọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Màámi,

Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sùn: ohùn tí mo bá fà yọ nínú ẹ̀rọ orin, ṣé tèmi ni, àbí ti ẹni tó ṣe ẹ̀rọ?

Ara mi le o. Ẹ̀rọ tí ọ̀gá gbé fún mi kò ju páálí bàtà lọ, bọ́tìnnì ló kún ojú ẹ̀. Ìlù, fèrè àti gìtá ló ń jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kan náà ló wà nínú ti gbogbo ayé. Ọ̀gá ní ọjọ́ tí mo bá rí ohùn tí etí kankan kò gbọ́ rí, òun á dá ìwé ìrìnnà mi padà, kí n máa bọ̀ nílé.

Lánàá, mo gbé makirofóònù sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì í láti ìta. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà dí mi lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe ń tì í. Mo fa ohùn náà gùn nínú ẹ̀rọ, ó ń kérora bí ẹranko ńlá. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ó fò sókè.

"Ìwọ èèyàn yìí, níbo lo ti rí eléyìí?"

"Ilẹ̀kùn yín ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ta ló máa ní irú ẹ, tó máa jẹ́ kó lọ?"

Ó yìn mí gan-an, Màámi. Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ sọ fún ìyàwó mi pé kó má tíì kun yàrá wa dè mí.

Ilẹ̀ ti mọ́, mo ti pa àtùpà.