Gìdìgbà àti Afínjú, Ẹ̀rọ Méjì Tí O Kó Tì Mí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa kọ lẹ́tà. Tíṣà wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, bàbá tó ń ránṣọ tẹ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì, sọ fún wa pé àwa tá a wà ní ọdún kìíní, orúkọ wa àti àdírẹ́sì wa nìkan ni ká máa kọ, ó ní lẹ́tà di ọdún kejì. Bẹ́ǹṣì iwájú ni mo ń jókòó sí, èmi náà ni mo sì máa ń fi rọ́bà pa ohun tí mo kọ rẹ́ jù, débi pé ìwé mi ti ń lu. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, fojú fò ó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò bá mi tún un ṣe, wàá sì rí ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun lásìkò? Ẹsẹ̀ tí o fi ń gun òkè kò ní yẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ ń gbẹ́ láti wá ohun àwọn ará ìgbàanì kò ní wó lù yín. Ojú rere ni ọ̀gá rẹ á máa fi wò ọ́. Àmín. Àwa náà wà láàyè. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Òrùlé ilé ìdáná ń jò láti ìgbà tí o ti lọ, bàbá rẹ sì ń sọ pé òun máa gùn ún lọ́la, ọ̀rọ̀ ìyẹn ṣì ń bọ̀ níwájú. Ìyàwó kápẹ́ńtà tó wà lódìkejì ọ̀nà ní kí n kí ọ, ó ní ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń sanwó fún ẹni tó bá ń ṣa àpáàdì kiri, torí ó kún ẹ̀yìnkùlé òun, òun kò sì mọ̀ pé olówó lòun. Mo ní màá bi ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé gan-an ni ti ẹ̀rọ méjèèjì tí o kó tì mí nígbà tí o wá sílé. O ní wọ́n ń bá sátẹ́láìtì tó wà lókè sọ̀rọ̀, wọ́n á sì sọ ibi téèyàn dúró sí. O ní kí n gbé wọn gun òkè ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí àwọn ará ìgbàanì gbé, kí n máa tẹ̀ wọ́n ní gbogbo ibi tí mo bá ti rí ògiri tó wó tàbí ojú ọlọ lára àpáta, kí n sì sọ èyí tó sàn jù fún ọ, nítorí ọ̀gá yín ní ìwọ ni kó o yan èyí tí gbogbo yín máa lò, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tó máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Ọmọ mi, láti ọjọ́ náà oorun kò kùn mí. Ta ni mo jẹ́, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ adìyẹ? Bí mo bá yan èyí tí kò dáa, tí ẹ sì sọnù sórí òkè kan, ọ̀gá rẹ á bi ọ́ pé ta ló bá ọ yàn án, wàá ní ìyá mi ni, iṣẹ́ á sì bọ́ nìyẹn.

Mo sọ wọ́n lórúkọ kí n má bàa ṣì wọ́n mú. Èyí tó jẹ́ gíláàsì dídán, tó jẹ́ pé ìka lèèyàn fi ń pa á lójú, mo pè é ní Afínjú. Èyí tó ki pọ́pọ́, tó ní bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ń jẹ òkúta rédíò, mo pè é ní Gìdìgbà. Mo mọ̀ pé Afínjú ló wù ọ́, mo rí bí o ṣe ń fi ẹ̀wù rẹ nù ún. Ká sọ tòótọ́, òun ni èmi náà kọ́kọ́ fẹ́ràn.

Mo gbé àwọn méjèèjì sórí tábìlì, mo kí wọn, mo sì bi wọ́n níbi tá a wà. Afínjú ní òun ṣì ń wá sátẹ́láìtì. Mo dúró títí, ó ṣì ń wá a. Mo rò ó pé àlejò ni, kò tíì mọ àdúgbò, ni mo bá gbé e jáde, mo fi ilé kápẹ́ńtà hàn án, mo fi kànga hàn án, mo fi ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa hàn án, kò sì pẹ́ tó fi mọ ibi tó wà. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ó gbọ́ràn, ká ṣáà ti ṣàlàyé fún un. Gìdìgbà ní tirẹ̀ ti mọ ilé láti orí tábìlì, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sójú pé òun lè fi mítà mẹ́ta ṣì í. Ìyẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Mélòó nínú wa ló máa ń sọ bí àṣìṣe òun ṣe lè tóbi tó kó tó la ẹnu? Bàbá rẹ kò ṣe é rí láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra.

Síbẹ̀ mo fẹ́ dán wọn wò dáadáa. Mo ronú pé ẹ̀rọ tó bá mọ ibi téèyàn wà gbọ́dọ̀ lè wá èèyàn rí. Ni mo bá bẹ bàbá rẹ pé kó lọ sá pamọ́ sórí òkè, kí n fi ẹ̀rọ wá a. O mọ̀ ọ́n. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Nígbà tó ṣe, ó ní tó bá jẹ́ nítorí iṣẹ́ ọmọ òun ni, òun á lọ, ṣùgbọ́n kí n mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ tó máa rí òun, pé nígbà tí òun wà ní kékeré, ìyá tó bí òun kì í rí òun tó bá ti di ọ̀rọ̀ omi pípọn. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Mo jẹ́ kó rìn jìnnà kí n tó tẹ̀ lé e. Ní ẹsẹ̀ òkè, mo bi Afínjú pé níbo ni ọkọ mi wà. Ó fi àmì kékeré kan hàn mí. Inú mi dùn, mo forí lé ọ̀dọ̀ àmì náà, àmì náà ń bá mi lọ. Mo yà sọ́tùn-ún, ó yà. Mo dúró, ó dúró. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé èmi ni àmì náà. Mo bi Gìdìgbà, èsì kan náà ló fún mi. Bàbá rẹ ni mò ń béèrè, èmi ni wọ́n ń fi hàn mí. Mo ní mo mọ ibi tí mo wà, èmi kọ́ ni mo sá pamọ́.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà bí mo ṣe ń gòkè lọ ni òjò ti dé, kùrukùru sì bo orí òkè, mi ò rí iwájú, mi ò rí ẹ̀yìn. Mo fọwọ́ pa Afínjú lójú kó fi ọ̀nà ilé hàn mí, kò dá mi lóhùn, torí ìka mi tutù. Mo fi ìró nù ún, ìró náà tutù. Omi òjò ló wá ń tẹ̀ ẹ́ bíi pé òun ló ni ín, ó ń ṣí ohun tí mi ò ní kó ṣí. Mo rántí ọjọ́ tí ìwọ náà sọnù sórí òkè yẹn, tí o tẹ̀ lé ewúrẹ́ lọ, tá a pè ọ́ títí ohùn wa fi há, àfi bá a ṣe rí ọ lẹ́bàá ògiri kan tí o ń fi àpáàdì ṣeré bíi pé ẹnikẹ́ni kò wá ọ. Bóyá ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti mú ọ.

Mo wá fi ìka tútù yẹn tẹ bọ́tìnnì Gìdìgbà, ó sì dáhùn. Mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú rẹ̀. Ìlà náà ni ọ̀nà tí mo gbà wá láti ilé, ó ti ń fà á lẹ́yìn mi láìsọ fún mi, bí ìgbín ṣe ń fi ipa rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí mo rí i pé mo lè padà sílé ni ara mi tó balẹ̀ láti wá bàbá rẹ síwájú. Kò sì pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn kan tí mo mọ̀ ju ohùn ara mi lọ. Bàbá rẹ ń hanrun. Abẹ́ àpáta kan ló wà lẹ́yìn ògiri tí igbó bò, ó gbẹ táútáú, fìlà rẹ̀ wà lójú rẹ̀, ojú ọlọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo dúró lé e lórí, Gìdìgbà lọ́wọ́ mi, omi ń kán ní imú mi. Ó lajú, ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí.

“Ó rí mi?”

Ó tún ní, “Nínú kùrukùru yìí? Lẹ́yìn ògiri?”

Ọmọ mi, mo fẹ́ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, “Dìde ká máa lọ sílé.”

Mo tẹ Gìdìgbà níbẹ̀ kí ibẹ̀ má bàa sọnù, mo wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí mo fi kọ BABA. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́, kò ní rọ́bà. Bí ọ̀gá rẹ bá rí i, sọ fún un pé ògiri àti ojú ọlọ ló wà níbẹ̀, bàbá ti dìde. Ìlà yẹn la tẹ̀ lé títí a fi rí ẹ̀yìnkùlé wa.

Nítorí náà, Gìdìgbà ni kí ẹ rà. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí mo sọ bá ìwé yín mu. Afínjú dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òjò bá ká ọ mọ́ orí òkè, tí mi ò sí níbẹ̀ láti pariwo orúkọ rẹ, èyí tó máa mú ọ wálé ni mo yàn. Tí mo bá ṣì í, kó má ju mítà mẹ́ta lọ.

Jọ̀ọ́, bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó òkúta rédíò ránṣẹ́, torí ti bàbá rẹ ni mo yọ fún Gìdìgbà, láti ìgbà náà ni kò ti gbọ́ ìròyìn. Fi owó òróró orúnkún kún un. Ọlọ́run á fi kún un fún ọ, ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, gbogbo ọ̀nà tí o bá gbà jáde ni wàá gbà padà.

Ó ku ohun kan, òun ló sì fà á tí mi ò fi jẹ́ kí tíṣà wò ó. Òun àti bàbá rẹ ni wọ́n jọ ń ta dírááfù níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì ní bodè. Láti ọjọ́ òkè yẹn, bàbá rẹ kì í pẹ́ níta mọ́. Tó bá fẹ́ jáde, á kọ́kọ́ yọjú sí pẹpẹ tí mo gbé Gìdìgbà sí, á ní ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni òun ń lọ, òun kò ní pẹ́, kò sì ní pẹ́ lóòótọ́. Lánàá ó gun òrùlé ilé ìdáná, ó dí i, nítorí mo ní omi kò gbọdọ̀ kán sí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá dé tí bàbá rẹ sì bi ọ́ bóyá Gìdìgbà ń rí òun, sọ fún un pé sátẹ́láìtì pọ̀ lókè. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, jọ̀ọ́, fi í sí ibi tí Gìdìgbà pàápàá kò ti ní rí i.

Èmi ni ìyá rẹ, ọdún kìíní, bẹ́ǹṣì iwájú.