Ọjọ́ Orí Datsun Bàbá

Ẹ̀gbọ́n Hàrúnà,

Ẹ má tíì jẹ́ kí ará Cotonou tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ yẹn wọ́ Datsun Bàbá lọ. Mo ti gba ọ̀nà Kambolé lọ bá Bàbá nílé. Ọbẹ̀ wà lórí ìdáná.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ìwé ìròyìn Jàpáànù tí a ti rí àwòrán ọkọ̀ náà lọ bá Màdáámù Keiko, nọ́ọ̀sì ará Jàpáànù tó ń gbé ní àdúgbò Komah níbí. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní 48 tó wà lábẹ́ àwòrán yẹn kì í ṣe 1948 tí a rò rárá. Iye ọdún tí ọba wọn ti lò lórí oyè ni wọ́n ń kà. 1973 ló bọ́ sí.

Orí mi dàrú. Ọdún tí wọ́n bí yín nìyẹn, ọdún tí Bàbá ní òun rà á ní tuntun, tí àwa ní ogbó ló ń dà á láàmú. Kí ni mo fẹ́ wí fún un báyìí?

Mo bi Màdáámù bóyá àwa náà lè máa fi iye ọdún tí olórí wa ti lò lórí àga ka ọdún tiwa ní Togo. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Má bi ẹlòmíràn."

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, ẹ fà á ya.

Tàwàkálítù