Ìwé Tí Wọ́n Fi Di Àkàrà

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ́tẹ́ńbà 1958. Ìnísà.
Jọkẹ́ ọmọ mi fi ìwé yìí ránṣẹ́ láti Ìkìrun, níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Ó ní kí n máa kọ nǹkan sí i kí ọwọ́ mi lè yá. Ọwọ́ mi ò tíì yá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n kọ, èmi Àtọ́kẹ́ tó ń ta iyọ̀, ọṣẹ àti kẹrosíìnì, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta.

Kátíkíìsì wa ka orúkọ wa ní kíláàsì àgbà lónìí. Titus Morákinyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Awò ni màá máa pè é níhìn-ín, torí òkè awò ojú rẹ̀ ló máa ń gbà wo èèyàn. Àwa méje ni. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá, Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá sí Ìkìrun láti gbé ọwọ́ lé wa lórí. Lẹ́yìn ìyẹn, a lè jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa.

Mo fẹ́ ẹ. Mi ò fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó kejì ni mo jẹ́ nílé ọkọ mi, ìjọ kì í sì í gba irú wa síbi tábìlì yẹn. Bí wọ́n bá ti wàásù tán, èmi àti àwọn ọmọdé la jọ máa ń jáde. Àwọn ẹgbẹ́ mi á jókòó. Ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́ta, kò sí ohun tó tún dí mi lọ́wọ́. Mi ò ní bá ọmọdé jáde mọ́.

Ọjọ́rú, 3 Sẹ́tẹ́ńbà.
Mo ra àkàrà lọ́wọ́ Àjíkẹ́, tó ń dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi. Ìwé ìròyìn ló fi dì í. Mò ń jẹ, mò ń kà — kí ojú mi lè là sí i ni, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Wọ́n bá ọkùnrin ọlọ́kọ̀ kan ní òkú nínú yàrá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Aago mẹ́wàá àárọ̀, fìtílà ṣì ń jó lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà, epo. Epo àkàrà ti bo ìyókù. Mo gbé e sí oòrùn. Mo gbé e súnmọ́ ojú, mo gbé e jìnnà. Pàbó.

Ọjọ́bọ̀, 4 Sẹ́tẹ́ńbà.
Ta ló pa á?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Sẹ́tẹ́ńbà.
Àkàrà láàárọ̀, àkàrà lọ́sàn-án. Ikùn mi ń ké. Àjíkẹ́ wò mí títí, ó ní, “Ìyá Jọkẹ́, ṣé àkàrà lẹ wá rà ni àbí ohun tí mo fi ń dì í?” Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó da àpótí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, a rí mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn.

Wọ́n ti mú ìyàwó kékeré ọkùnrin náà. Àbẹ̀ní. Wọ́n ní òun ló gbé oúnjẹ wọlé fún un kẹ́yìn. Àwọn ẹbí ọkọ ní òun ni, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ó wà ní túbú. Mo mọ ojú tí wọ́n fi wò ó. Nígbà tí ọkọ tèmi kú, ọjọ́ mẹ́jọ ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fi fẹnu kan oúnjẹ tí mo sè.

Ṣùgbọ́n fìtílà! Fìtílà kékeré tí wọ́n rọ epo sí ní ìrọ̀lẹ́ kì í jó di aago mẹ́wàá àárọ̀. Èmi ni kí wọ́n bi. Ẹnìkan wọlé lẹ́yìn Àbẹ̀ní, ó tún epo rọ. Ọlọ́pàá ò rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Sẹ́tẹ́ńbà.
Awò ní kíláàsì: Bíbélì, ìwé orin, ìwé àdúrà. Ohunkóhun mìíràn tí Kristẹni bá ń kà, asán ni. Ó wò mí láti òkè awò. Bóyá kò tilẹ̀ wò mí.

Mo gba ibẹ̀ lọ tààrà síbi àkàrà. Àjíkẹ́ ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ náà fẹ́ gbọ́. Mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkàrà jóná sínú epo, kò sẹ́ni tó ráhùn. Kí n má tan ara mi jẹ, ó dùn mọ́ mi. Ìyà ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ ní túbú, èmi ń gbádùn! Ojú tì mí. Mo tún un kà nígbà tí mo délé.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Sẹ́tẹ́ńbà.
Mo ṣe nǹkan kan. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ bá Awò, mo ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà fún obìnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn ní Ìbàdàn. Ó bi mí bóyá ẹbí mi ni. Mo ní rárá, opó bíi tèmi ni.

Ó pe orúkọ Àbẹ̀ní láti orí àga ìwàásù. Gbogbo ìjọ dìde. Àmín náà kún ilé. Mo sunkún, ara sì tù mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Sẹ́tẹ́ńbà.
Àwọn ìyá ìjọ ti dá ààwẹ̀ fún Àbẹ̀ní, Ọjọ́rú tó ń bọ̀, àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìyá Olúbọ̀dé olórí wa ló dá a lábàá, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Sẹ́tẹ́ńbà. Òkukù.
Ibi tí mo ti ń dúró de lọ́rì ni mo ti ń kọ èyí. Àjíkẹ́ ní ọwọ́ Mojíbọ́lá, ìyàwó akọ̀wé rélùwéè níbí, lòun ti ń ra ìwé ìròyìn àlòkù. Mo wá bá a. Mo fẹ́ kó sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Àbẹ̀ní wà fún mi, kí n lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí adájọ́ nípa fìtílà. Mo ti kọ lẹ́tà náà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló gbà mí.

Mojíbọ́lá ò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀, ó di èjìká mi mú kó má baà ṣubú. “Ẹ má bínú, Ìyá. Ìtàn ni. Ẹnìkan ló jókòó, tó fi orí ara rẹ̀ rò ó. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.” Mo ní ìwé ìròyìn kọ́ ni? Ó ní òun ni, ìròyìn wà níwájú, ìtàn wà lẹ́yìn.

Kò sí Àbẹ̀ní. Kò sí ọlọ́kọ̀ kankan. Kò sí fìtílà.

Ó di gbogbo ìyókù fún mi, títí kan èyí tó parí rẹ̀. Mo ní mi ò fẹ́. Ó wà lórí itan mi báyìí.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Sẹ́tẹ́ńbà.
Wọ́n tún gbàdúrà fún un. Awò fi tirẹ̀ kún un: kí ìpìlẹ̀ túbú mì, kí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ já. Mi ò lè ṣe Àmín. Mi ò sì lè sọ̀rọ̀.

Ìdì ìwé náà wà lábẹ́ àpò iyọ̀. Irọ́ ni. Kí ni mo tún fẹ́ kà níbẹ̀? Mo fẹ́ kà á.

Ọjọ́rú, 24 Sẹ́tẹ́ńbà.
Ààwẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, òòyì kọ́ Ìyá Olúbọ̀dé lójúde ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A gbé omi fún wọn. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ta ló ń gbé omi fún Àbẹ̀ní?

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo lọ bá Awò, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀. “Ìyá Jọkẹ́, ẹ mú mi gbàdúrà fún ẹni tí Ọlọ́run ò dá?” Mo ní mi ò mọ̀ ni. Ó ní ìgbà wo ni mo wá mọ̀. Mo ní Àbámẹ́ta. Ó ní, “Àìkú ńkọ́?” Mo ní mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá nìyẹn, mo sì tọrọ àforíjì rẹ̀. Ó ránṣẹ́ kí wọ́n tú ààwẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Sẹ́tẹ́ńbà.
Awò sọ ọ́ fún ìjọ. Kò dárúkọ mi, ṣùgbọ́n gbogbo orí ló yí sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rín. Ìyá Àbẹ̀ní ni wọ́n ń pè mí báyìí. Kí wọ́n rín in tẹ́rùn. Lẹ́yìn ìwàásù, mo bá àwọn ọmọdé jáde.

Ọjọ́ Ajé, 29 Sẹ́tẹ́ńbà.
Mo kà á. Gbogbo rẹ̀, àfi èyí tó kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ Àbẹ̀ní, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un wọ kóòtù, àyà mi já. Gbogbo ohun tí mo ti ń kà láti ọjọ́ yìí wá, kò sí èyí tó sọ bó ṣe ń rí lára ìyàwó kékeré tí wọn ò jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó rò ó, níbo ló ti rí mi?

Àjíkẹ́ ní kí n má ka èyí tó kẹ́yìn bí òun ò bá sí níbẹ̀. Mo gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Òkítóbà.
Awò pe àwa méje kó tó fi orúkọ ránṣẹ́ sí Ìkìrun. Ó ní kí oníkálukú ka Sáàmù. Èmi nìkan ni mo ka tèmi láìkọsẹ̀. Ó mi orí pé ó dára. Ó wá ní ohun kan ló kù fún mi: kí n kó àwọn ìwé àkàrà wá fún sísun, kí n sì ṣèlérí pé mi ò ní ka irú rẹ̀ mọ́ láé. “Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, Ìyá Jọkẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí.” Kò pariwo mọ́ mi. Ó fẹ́ kí n sọ ọ́.

Mo rí tábìlì náà. Mo rí ara mi níbẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, mo jókòó, mi ò jáde. Mo la ẹnu. Mo ní, “Mo ti tàn yín jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú ilé Ọlọ́run, mi ò ní tún un ṣe. Bí mo bá tún rí irú rẹ̀, màá kà á.”

Ó fa ìlà gba orí orúkọ mi kọjá. Mo rí i tó ń fà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Òkítóbà.
Lọ́rì àwọn mẹ́fà yòókù kọjá níwájú ilé mi, wọ́n ń lọ sí Ìkìrun. Aṣọ funfun, orin lẹ́nu. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi yà ní kọ̀nà. Ó dùn mí. Mi ò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Àjíkẹ́ dé, òun àti àwọn obìnrin mélòó kan. Ìyá Olúbọ̀dé ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Mo rò pé wọ́n wá bú mi ni. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n ní, “Ẹ kà á.”

Mo kà á. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà ló pa á. Wọ́n tú Àbẹ̀ní sílẹ̀. Adájọ́ ò sọ nǹkan kan nípa fìtílà, àgùntàn ni. Àjíkẹ́ ń sunkún, mò ń sunkún. Ìyá Olúbọ̀dé nu ojú, wọ́n ní àdúrà gbà o.

Mo ní, “Ìyá, ìtàn lásán ni. Kò sí Àbẹ̀ní kankan.”

“Mo mọ̀,” ni wọ́n wí. “Mo gbààwẹ̀ fún un. Mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ fún un.”

Wọ́n ní kí gbogbo wa dìde. A dìde. Wọ́n dúpẹ́ fún Ọlọ́run, ó pẹ́, a ṣe Àmín. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọn ò sì tètè gbé e kúrò.