Ọmọ Tí Mo Ní N Kò Mọ̀ Rí

Ojúlé Kọkànlá,
Àdúgbò Bẹyẹrúnká,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Ìyá Júwọ́n, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Júwọ́n ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Júwọ́n àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tuntun yóò ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ kú ooru Ṣakí. Níbí náà, oòrùn ń mú bíi kó jó òrùlé, àmọ́ ara le, a dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé o ti pè mí títí lọ́sẹ̀ yìí. Mo ń wo fóònù bó ṣe ń dún, n kò lè gbé e. Ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò lè fi ohùn mi sọ ọ́ sí ọ létí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, bíi ti ìgbà tá a wà níléèwé gírámà tá a máa ń kọ̀wé síra wa nígbà ọlidé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń bọ̀ ní Ṣakí ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́.

Bertha, Dárasími ọmọ mi kò sí níléèwé nọ́ọ̀sì mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti fi í sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí o ń béèrè rẹ̀, tí mo ń sọ pé ìdánwò ló ń ṣe, irọ́ ni mo ń pa. Ìwọ tí o fi iṣẹ́ ìwòsàn rẹ sílẹ̀, tí o sáré sókè sódò kí wọ́n tó gbà á, ìwọ gan-an ni mo parọ́ fún jù. Jọ̀ọ́, má bínú.

Iṣẹ́ wẹ́dà ló lọ kọ́. O rántí bó ṣe rí ní kékeré. Wáyà tó bá ti rí, yóò tẹ̀ ẹ́ di àga, yóò tẹ̀ ẹ́ di kẹ̀kẹ́. Tó bá tiléèwé dé, ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń jó irin ní Bẹrẹ ni yóò lọ dúró sí, èmi ni n óò sì fi pàṣán dá a padà wálé. Níléèwé nọ́ọ̀sì, kò kùnà, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tó sọ fún wa pé òun kò lọ mọ́, bàbá rẹ̀ ní ká jẹ́ kó ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Èmi ní obìnrin tí mo bí kò ní máa bá àwọn ọkùnrin jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà wa àfi tó bá padà sí kíláàsì. Ló bá kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní Òjé. N kò béèrè ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ṣẹ́, kí n má baà gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, tí wọn kò rí ojú rẹ̀ rí, ń gbàdúrà fún nọ́ọ̀sì wa, mo ń ṣe àmín.

Nígbà tí oṣù tó kọjá wọlé, ẹgbẹ́ àwa ìyá fẹ́ ṣe géètì tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti Rachel, akọ̀wé ẹgbẹ́, ni wọ́n ní ká lọ wá wẹ́dà. Rachel ní òun mọ ọ̀gá kan lẹ́yìn Bẹrẹ, Mikail lorúkọ rẹ̀, pé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tá a débẹ̀, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ irin nílẹ̀, iná ń ta pàrà. Ọ̀gá Mikail ní ká bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀, pé kò sí ọmọ iṣẹ́ tó mọ géètì í ṣe tó o lọ́dọ̀ òun. Ẹni náà ṣí awò dúdú tó fi bojú. Dárasími ni.

Ó rí mi, ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Rachel wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ yìí mà jọ yín o. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Bertha, ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Mo ní, "Rárá o. N kò mọ̀ ọ́n rí."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ sórí eruku irin, ó kí wa bí ẹni ń kí oníbàárà. Ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Èèyàn máa ń jọra, mà." Ó fa téèpù yọ, ó ń bi Rachel bí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ṣe fẹ̀ tó. Kò tún wojú mi mọ́. Ọmọ tí mo lé jáde nílé ló ń bá mi bo irọ́ mi mọ́lẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe délé. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ tíṣà mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó ní òun ti gbọ́. Dárasími ti pe òun, ó sì bẹ òun pé kí òun má bá mi sọ ọ́, kí ojú má baà tì mí. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wó mi palẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó nu àga fún mi, ó ní òun kò bínú. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́, ó ní, "Mọ́mì, tá a bá gbé géètì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé kí n mọ̀ yín ni, àbí kí n má mọ̀ yín?"

Mo ní màá rò ó wò. Ìyá wo ló ń ro irú ìyẹn wò, Bertha? Mo gba ìsàlẹ̀ Màpó wálé.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé e dé, ó sì bọ́ sí ọjọ́ ìpàdé wa. Gbogbo wa jáde lọ wò ó. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe imọ̀ ọ̀pẹ sí i lára, bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin ń yìn ín, wọ́n ń béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Dárasími wolẹ̀. Èmi ló ń dúró dè, mo mọ̀. Mo bọ́ síwájú. Mo ní, "Ọmọ mi ni. Dárasími nìyí. Irọ́ ni mo ń pa fún yín, kò sí níléèwé nọ́ọ̀sì."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Rachel ní, "Ẹni tẹ́ ẹ ní ẹ ò mọ̀ rí yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mirí, ó wọlé lọ, àwọn tó kù sì ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Dárasími kò dì mọ́ mi. Ọ̀gá rẹ̀ wà nídìí jẹnẹrétọ̀, irin náà sì wúwo. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi di ẹ̀gbẹ́ yìí mú. Ẹ má wo iná náà o." Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iná ń ta sí mi láṣọ, n kò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kò tíì padà wálé. Ó ní Òjé ṣì tẹ́ òun lọ́rùn, n kò sì lẹ́nu láti fi bá a jiyàn.

Bá mi kí Bàbá Júwọ́n àti gbogbo ilé, fi ẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu fún mi. Bí ẹnikẹ́ni ní Ṣakí bá sì béèrè nọ́ọ̀sì wa, sọ òótọ́ fún wọn. N kò fẹ́ kí irọ́ mi tún wà lẹ́nu tìrẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì fẹ́ mi bẹ́ẹ̀,
Yéwándé,
ìyá Dárasími.