Ọkàn Àsíátù

Lọ́ńdọ̀nù, oṣù kejì ọdún 1984

Ìyá mi,

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Àsíátù láná, ọkàn rẹ̀ sì ti ń lù padà. Ẹ kú àdúrà. Ara èmi náà le, òtútù ibí kò tilẹ̀ pọ̀.

Wọ́n ti rán ihò inú ọkàn rẹ̀ pa. Dókítà ní láyé àtijọ́, ẹ̀rù a máa ba àwọn dókítà láti fọwọ́ kan ọkàn. Nísinsìnyí, wọ́n á dá ọkàn dúró, ẹ̀rọ á máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi rán an tán. Kí wọ́n tó gbé e wọlé iṣẹ́ abẹ, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ yín. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Mọ́ṣúdù, tí ọkàn mi bá dúró, níbo ni èmi alára máa wà?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọmọ oníbéèrè! Wàá máa sùn ni."

Ọkàn tó ń lù láyà, ọkàn tí èèyàn fi ń ronú, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo fi pè é fún un, n kò rí òmíràn lò.

Nọ́ọ̀sì gbà kí n jókòó tì í, kí n máa bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó ń ran aláìsàn lọ́wọ́. Mo pe Àsíátù, kò mira. Mo wá pe oríkì rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, bí ẹ ṣe máa ń pè é nídìí ìkòkò aró. Ó lajú, ó wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò.

Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ bá mi kí gbogbo aláró Ìtòkú, kí àwọn náà máa pe Àbẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Lọ́la ni wọ́n máa yọ rọ́bà tó fi ń mí, tí kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, kúrò lọ́fun rẹ̀. Ìgbà náà la ó tó gbọ́, bí mo bá pè é, bóyá òun gan-an ni yóò dáhùn.

Mọ́ṣúdù