Olùkọ́ Inú Fóònù Ò Dá Mi Lóhùn

Ọmọ mi àkọ́bí,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Ara àwa náà le, orúnkún tó ń dà mí láàmú ti fi mí sílẹ̀, ìyá rẹ sì ní kí n kí ọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀sìn adìyẹ tí o ní ká kọ́ lórí fóònù kí o tó ra òròmọdìyẹ fún wa ni mo fẹ́ rò fún ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ń gbàlejò, mo gbé fóònù ka tábìlì, mo jókòó síwájú rẹ̀. Olùkọ́ yọ, wọ́n ní ẹ káàárọ̀. Ọ̀sán ti pọ́n, àmọ́ mi ò fẹ́ dójú tì wọ́n, mo dáhùn. Nígbà tó yá, mo bi wọ́n pé bí òjò bá ń jò wọ ilé adìyẹ ńkọ́. Wọn ò dá mi lóhùn. Mo nawọ́, wọn ò pè mí. Mo tiẹ̀ dìde dúró kí wọ́n lè rí mi, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ tiwọn lọ. Mo ní agbéraga ni wọ́n, mo dojú wọn dé.

Ni káfíńtà tó múlé tì wá bá ní wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ yìí kan náà níléèwé ẹ̀yìn ọjà. Fọ́ọ̀mù wọn ń bèèrè bóyá orí ayélujára ni mo fẹ́ tàbí inú kíláàsì. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ayé tí mo wà yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Akọ̀wé wò mí títí, ó ní òun ti fi èmi àti ìyá rẹ sí kíláàsì.

Ọmọ mi, mo gbádùn ibẹ̀. Mo bèèrè ìbéèrè méje, wọ́n dáhùn mẹ́fà, wọ́n ní ìkeje di ọ̀la. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ní kí ìyá rẹ wá kọ nǹkan sójú pátákó, ó di ṣọ́ọ̀kì mú láìmọ bó ṣe máa kọ ọ́, ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ló bá jáde. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ló lé e kúrò níléèwé ní kékeré.

Mo rò pé ó ti pa ẹ̀kọ́ náà tì ni, àfi bí mo ṣe bá a ní ilé ìdáná tó gbé fóònù ti ìkòkò. Ó ní òun ti mú kí olùkọ́ tún ibì kan sọ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ojú wọn ò yí padà, òun ò rí onísùúrù báyìí rí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olùkọ́ náà. Wọn ò dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò bínú mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, adìyẹ káfíńtà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ lọ síbẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ ti tutù jù, kí wọ́n kó o dànù, kí wọ́n sì ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀. Èmi ni mo mú àwọn adìyẹ náà, torí ó ń bẹ̀rù ẹnu wọn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀kan ò kú mọ́. Ìyàwó káfíńtà ti ń pè é ní tíṣà.

Nítorí náà, fi owó kíláàsì ránṣẹ́ sí mi, kí o sì fi dátà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Wọ́n ní bí dátà bá tán, olùkọ́ á dákẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ebi pa wọ́n. Ìyá rẹ tún ní kí n fọgbọ́n bi ọ́ bóyá olùkọ́ kan wà nínú fóònù yẹn tó lè kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara wọn.

Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ á gbà ọ́. Ẹni tó máa ṣe ọ́ lóore ò ní ṣì ọ́ mọ̀. Bí o ṣe ń rántí wa, ọmọ tìrẹ náà á rántí rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.