Ilẹ̀kùn Rore Ti Ṣí

Agboolé Awóyẹmí,
Èsìẹ́,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Rùkáyátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ rẹ, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ara àwa náà le níbí. Inú mi ń dùn débi pé n kò lè jókòó jẹ́jẹ́ kọ lẹ́tà yìí!

O rántí ilé ọ̀rọ̀ tí a dá sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé Fesibúùkù kò tó wa ni? Tiwa kò ní ọ̀gá kankan lókè òkun, ọ̀rẹ́ mi. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀, tó ń ṣòfin tirẹ̀. Tí ilé méjì bá sì gbà láti ṣílẹ̀kùn fún ara wọn, ará ibí lè máa bá ará ọ̀hún sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni Màmá Rhoda, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wà nílé ọkọ ní Rore, ti ń fi ohùn kí ìyá mi láràárọ̀, tí wọ́n ń fi oríkì ìyá mi, Àwẹ̀ró, pè wọ́n.

Àfi bí Àfísù kan nílé Rore ṣe sọ pé iṣu Èsìẹ́ kò ṣeé gún. Ẹ̀fẹ̀ ni o! Àwọn tiwa fèsì, òun náà fèsì, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń bú àwọn àgbà ìlú wa. Inú bí Barnabas tó ń tọ́jú ilé ọ̀rọ̀ wa, ló bá ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ará Rore pátá.

Bí ohùn Màmá Rhoda ṣe dákẹ́ nìyẹn. O sì mọ̀ pé a kì í tètè túfọ̀ fún arúgbó. Ìyá mi bá gbà pé ẹ̀gbọ́n àwọn ti kú, pé a kàn ń fi pamọ́ ni. Mo pe aago. Etí Màmá Rhoda ti wúwo, ìyàwó ọmọ wọn ló gbé e. Ìyá mi ní, "Ẹ ò rí i? Ẹlòmíràn ló ń gbé e!" Mo gun ọ̀kadà lọ sí Rore, mo gba ohùn Màmá Rhoda sílẹ̀ wá sílé. Ìyá mi ní ohùn àtijọ́ ni. Oúnjẹ kò wọ ọ̀fun wọn mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo bá lọ sípàdé ilé náà, nítorí gbogbo wa la jọ ń dìbò lórí ilẹ̀kùn. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọmọ bíbí Èsìẹ́ tó lọ́kọ sí Rore kò lóǹkà. Láti ìgbà wo la ti ń ti ilẹ̀kùn baba mọ́ ọmọ-osú? Àwọn ìyá tó wà níjòókòó ló kọ́kọ́ nawọ́. Barnabas pàápàá nawọ́! A fẹnu kò pé Àfísù nìkan ni kó dúró síta títí yóò fi tọrọ àforíjì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohùn Màmá Rhoda dún nínú fóònù: "Àwẹ̀ró, wọ́n ní ò ń sunkún mi? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀kọ tán!" Mo fò sókè, Rùkáyátù! Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní kí n gbé fóònù sún mọ́ àwọn lẹ́nu: "Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kú, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ sọ fún mi. N kò ní gbà á lẹ́nu ẹlòmíràn."

Bá mi kí gbogbo ará ilé, pàápàá Lubabah kékeré.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ayọ̀ kò jẹ́ kó sinmi,
Ọmọ́ṣaléwá.